Ìborùn Tí Ìyá Àbíjàn Tú Kúrò Lọ́rùn

Ó mà ṣe o! Ó di gbére, ẹ̀gbọ́n mi Rábíátù, Ìyá Àbíjàn, olówò aṣọ tó ń ná ọjà Àbíjàn, tí kì í wọn aṣọ ní ìwọ̀n èrú fún oníbàárà. Ẹ̀yin ni ẹ tọ́ mi nígbà tí ìyá wa kú. Èmi Sídíkátù, àbúrò yín, ni wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére sínú ìwé àdúà fìdáù yín, ojú sì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Gbogbo Èjìgbò mọ̀ yín mọ́ ìborùn. Oòrùn ìbáà mú, òjò ìbáà rọ̀, ẹ ó wé e mọ́ ọrùn nítorí gẹ̀gẹ̀ tó wà níbẹ̀. Àwa ará ilé ni a kọ́ yín ní ìtìjú náà. Bí àlejò bá ń bọ̀, a ó ní kí ẹ fà á sókè. Ẹ kì í bá wa jà. Ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní ọrùn kì í tóbi kí ọlọ́rùn má lè gbé e.

Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í há yín lọ́fun. Ẹ̀rù bà wá pé gẹ̀gẹ̀ náà ti di èyí tí ń pani. A wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn, níbi tí ẹ̀rọ kan wà tó ń ya àwòrán inú ọrùn. Dókítà bi yín bóyá ẹ ti lo áyódíìnì, oògùn pupa tí a ń fi sí ojú egbò. Ẹ ní rárá. Wọ́n bu oògùn díẹ̀ tí a fi irú áyódíìnì kan ṣe fún yín mu, kò dùn, kò korò. Wọ́n ní ẹran kékeré kan wà ní ọ̀fun tí yóò fa oògùn náà mọ́ra, oògùn náà yóò sì máa ta ìtànṣán tí ojú kò lè rí, àfi ẹ̀rọ.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ dùbúlẹ̀, ìrọ̀rí lábẹ́ èjìká, ọrùn yín ní ìhòòhò lójú ọkùnrin tí ẹ kò mọ̀ rí. Ẹ di ojú. Apá ẹ̀rọ ń lọ, ó ń bọ̀ lókè ọrùn yín, kò kàn yín lára, ó kàn ń dún kọ́ kọ́ kọ́ ni. Ibi tí oògùn bá pọ̀ sí, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ń to àmì wẹ́wẹ́ sí lórí bébà. Bébà tiyín fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun báláú.

Dókítà ní ó jọ pé ẹran ọ̀fun náà ti mu áyódíìnì mìíràn yó, ẹni tó ti yó kì í la ẹnu sí oúnjẹ. Ó tún béèrè bóyá ẹ ti lò ó. Èmi ti ń kó ẹrù kí a máa lọ. Ẹ̀yin ni ẹ jókòó, tí ẹ ní:

"Dókítà, mo parọ́. Áyódíìnì tí mo rà ní Àbíjàn ni mo ń fi pa á lábẹ́ ìborùn, kí ó lè rẹlẹ̀, kí ojú má baà ti àwọn ará ilé mi mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà ta mí ju ata lọ.

Wọ́n ní kí ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀, kí ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Nígbà tí a padà lọ, àmì kún bébà dáadáa, dókítà sì ní gẹ̀gẹ̀ lásán ni, kò ní pa yín. Ó fún yín ní oògùn tí ẹ ó máa lò. Nínú ọkọ̀ tó gbé wa bọ̀ wálé, mo na ìborùn sí yín. Ẹ ní kí n fi nu òógùn ojú mi.

Láti ọjọ́ náà ẹ kò wé e mọ́. Ẹ ń wá àwọn obìnrin onígẹ̀gẹ̀ lọ sí Ola àti Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ẹ ń sọ fún wọn pé ẹ̀rọ náà kì í jẹni, irọ́ nìkan ni kò fẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, àwòrán yín tó wà níwájú ìwé yìí, ti àtijọ́ ni, ìborùn sì wà lọ́rùn yín níbẹ̀. Òmíràn wà tí ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, tí ọrùn yín hàn. Ẹbí ní kò bójú mu, èmi náà sì dákẹ́. Ẹ forí jì wá. Ìtìjú yẹn kì í ṣe tiyín mọ́, tiwa ni. Kí Ọlọ́hun fi Àlùjánnà ṣe ilé yín.

Ẹ sùn re o, Ìyá Àbíjàn, láìsí ìborùn lọ́rùn.