Ọwọ́ Pupa Olùkọ́ Mi

Bí mo bá rí ẹni tí iyẹ̀pẹ̀ pupa bo ọwọ́ rẹ̀, olùkọ́ mi ní yunifásítì ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Wọn kì í fọ ọwọ́ bí wọ́n bá po iyẹ̀pẹ̀ tán. Ìka pupa náà ni wọ́n á fi gbá ìwé mi: "Tún un ṣe!"

Ṣáájú òmìnira ni, iṣẹ́ àṣekágbá mi sì ni. Mo wọn iná, ìyẹn agbára bíi ti mànàmáná, tó wà lára amọ̀ funfun Ìkòròdú àti ti iyẹ̀pẹ̀ pupa Ẹ̀pẹ́, mo ro méjèèjì pọ̀, kí n lè mọ iye tí àdàlù wọn yóò ní. Bí mo bá wá wọn àdàlù náà fúnra rẹ̀, kì í bá ìṣirò mi mu rárá.

"Iyẹ̀pẹ̀ Ẹ̀pẹ́ ò gbọ́ ìṣirò, sà."

"Ìwọ lo ò gbọ́ ti iyẹ̀pẹ̀."

Lọ́jọ́ tí mo fìdí rẹmi, wọ́n na ọwọ́ sí mi. "Àwọ̀ ara mi dà?"

"Iyẹ̀pẹ̀ pupa ti bò ó, sà."

Ìgbà yẹn ló yé mi. Nínú àdàlù náà, iyẹ̀pẹ̀ pupa ti bo amọ̀ funfun, ó sì ti bo iná tó wà lára amọ̀ náà.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi, sà?"

"Odidi ọdún kan ni mo fi ń gbé ọwọ́ yìí lé ìwé rẹ."