Àbúrò Ọkọ Mi àti Ẹ̀wù Ayẹta

Àbúrò ọkọ mi kì í ra nǹkan kan láìkọ́kọ́ fi ìka lù ú. Ìkòkò, ilẹ̀kùn, orí ọmọ ọlọ́mọ pàápàá: á lù ú kó-kó, á dẹtí, á ní, “Ó dún.” Wọ́n ti bí i kí n tó wọlé ọkọ, nítorí náà “ọkọ mi” ni mò ń pè é, bí mo tilẹ̀ dàgbà jù ú lọ.

Iléeṣẹ́ ohun ìjà ìjọba ló ti fẹ̀yìn tì. Ó ní ẹ̀rọ ibẹ̀ ti gbó, ló bá dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Mowé, ó ń rán ẹ̀wù ayẹta. “Títí dìgbà wo la ó máa ra ohun ìjà lókèèrè? Ó yẹ kí wọ́n máa rà á lọ́wọ́ wa!” Ọ̀rọ̀ yìí ló fi fa ọmọ mi kan ṣoṣo kúrò lẹ́nu ìwé ní yunifásítì Ìbógun, wá síbi iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò tíì dárí jì í.

Nígbà tí àwọn oníbàárà ilẹ̀ òkèèrè ń bọ̀, ó ní kí ọmọ mi wọ ẹ̀wù náà, kí wọ́n yìnbọn lù ú níṣojú wọn. Èmi àgbà yìí kúnlẹ̀ ní pálọ̀ rẹ̀.

“Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ̀ ọ́ fúnra yín.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó wa, tí mo bá kú, ta ló máa tajà?”

Ọmọ mi, tó ti wọ ẹ̀wù náà wò, gbọ́. Ó bọ́ ọ, ó gbé e lé àbúrò bàbá rẹ̀ nítan.

Àpò iyanrìn ni wọ́n wọ̀ ọ́ fún lọ́jọ́ tí àwọn oníbàárà dé. Ọta kò wọlé, mo gbà. Wọ́n sì ra ọjà. Ṣùgbọ́n bó bá ti na ìka sí nǹkan níwájú mi báyìí, mo máa ń ní, “Ọkọ mi, ẹ kọ́kọ́ lu àyà yín ná.”