Ọjọ́ Méje Lọ́yà Wa

Ẹ Lọ Sùn Ná ni àwọn lọ́yà ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Wọn kì í pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀, àmọ́ ó mọ̀, inú rẹ̀ sì máa ń dùn sí i bí ẹni tí wọ́n fi oyè dá lọ́lá. Èmi ni mo ń tẹ̀wé fún un. Ó ti di ọdún mẹ́tàlélógún tí mo ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí mo sì ń bá a bínú. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò yìn ín láìbu ẹnu àtẹ́ lù ú rárá, ẹ wá ẹlòmíràn lọ.

Iṣẹ́ ìwé ogún nìkan ló ń ṣe. Kò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ o. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń lọ sí kóòtù, tó ń gba ẹjọ́ àwọn ọmọ ìyá tó ń bára wọn jà lórí ilé bàbá wọn. Ó ní lọ́jọ́ kan, òun gba ẹjọ́ ẹ̀gbọ́n kan rò, wọ́n sì jàre. Nígbà tí òun máa fi jáde, ẹ̀gbọ́n náà ti jókòó sórí àtẹ̀gùn kóòtù, ó ń sunkún, nítorí pé àbúrò rẹ̀ gba iwájú rẹ̀ kọjá, kò kí i. Ọjọ́ yẹn ló pinnu pé òun ò ní máa dúró de ìjà mọ́, òun á máa lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà. Ó gba yàrá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù baba kan tó ń tún aago ṣe, ó ra kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan, ó sì gbà mí síṣẹ́.

Òfin rẹ̀ pọ̀. Ọmọ tó bá mú òbí rẹ̀ wá, ọ̀dọ̀ mi ni yóò jókòó sí, ì báà jẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá. Lọ́yà á ti ilẹ̀kùn, á ka ìwé náà sókè ketekete fún ẹni tó ni ín. Ọ̀rọ̀ tó bá lọ́ jù, á ní kí n tún un tẹ̀. Ó ní ẹni tó ti kú ò ní sí nílé láti wá ṣàlàyé. Èyí tó wá le jù ni ti ọjọ́ méje. Bí a bá kọ ìwé tán, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà. Onítọ̀hún á lọ sílé, á fi ọjọ́ méje rò ó, á sì padà wá. Bàbá tó bí lọ́yà ló fà á. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá náà bínú sí ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹ̀gbọ́n lọ́yà. Ó wọ ọ́fíìsì lọ́yà oníkánjú kan, ó yọ orúkọ ọmọ náà kúrò nínú ìwé ogún, ó sì fọwọ́ sí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìbínú náà ò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Bàbá ṣáà ń sọ pé òun á lọ tún un ṣe, títí ikú fi dé.

“Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.” Bẹ́ẹ̀ ni lọ́yà máa ń wí fún gbogbo ẹni tó bá ń kánjú. Èmi náà gbà á gbọ́, títí di ọjọ́ tí agbẹ̀bí wá.

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì le ju tèmi lọ. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló mú un wá, tíṣà ni. Mo ní kí ó jókòó sọ́dọ̀ mi, ó sì ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ohun tí màmá sọ fún lọ́yà nínú yàrá, mo mọ̀ ọ́n, torí èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Ìyá tó bí tíṣà kú mọ́ màmá lọ́wọ́ lórí ìkúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó wá bèèrè ọmọ, màmá bá gbé e lọ sílé. Òun fúnra rẹ̀ kò bímọ, ọkọ rẹ̀ sì ti kú tipẹ́. Kò lọ gba ìwé ìgbàtọ́ níwájú adájọ́ rí. Ta ló ń gba ìwé lórí ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn rẹ̀? Ilé oníyàrá mẹ́rin ló ní, òun ló kọ́ ọ. Bí ó bá kú láìfi ìwé ogún sílẹ̀, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni òfin mọ̀. Òfin ò mọ tíṣà rí.

Ojú ewé méjì péré ni. Lọ́yà kà á, màmá gbọ́, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí lọ́yà ṣe ṣí ilẹ̀kùn, màmá na ọwọ́ sí báírò.

“Ibo ni mo máa fọwọ́ sí?”

“Ẹ ò tíì ní fọwọ́ sí i, Màmá. Ẹ lọ sùn ná. Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀.”

“Kí ni mo tún fẹ́ lọ rò? Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí.”

“Mo mọ̀, Màmá. Bí a ṣe ń ṣe é níbí ni.”

“Lọ́yà, tó bá ṣe pé èmi náà ń sọ fún aboyún pé kó lọ sùn ná, ta ni ì bá bímọ nílùú yìí?”

Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lọ́yà náà rẹ́rìn-ín, màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú kó tó lè sọ̀kalẹ̀. Baba tó ń tún aago ṣe nísàlẹ̀ àti aránṣọ òdìkejì ọ̀nà, tí wọ́n máa ń ṣe ẹlẹ́rìí fún wa, wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn lọ́jọ́ náà. Ká ní mo pè wọ́n ni, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà, tíṣà pè wá lórí fóònù. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú màmá ní kùtùkùtù. Apá ọ̀tún ti rọ, ẹnu ò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Lọ́yà mú ìwé, èmi mú páàdì tàdáwà, àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì sì tẹ̀lé wa lọ sí ọsibítù. Òfin gbà kí aláìsàn tẹ̀ka dípò ìfọwọ́sí, bí ó bá ṣáà mọ ohun tó ń ṣe. Ojú màmá là, ó ń wo àjà. Lọ́yà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú.

“Màmá, èmi lọ́yà ni. Bí ẹ bá ń gbọ́ mi, ẹ fún ọwọ́ mi pọ̀.”

Ó fún un. Inú mi dùn débi pé mo ti ṣí páàdì.

“Ṣé ẹ fẹ́ kí ilé yín jẹ́ ti ọmọ yín?”

Ó fún un.

Lọ́yà tún bi í: “Ṣé ẹ fẹ́ kí ilé náà jẹ́ ti àbúrò yín?”

Ó fún un.

“Ṣé èmi ni mo bí yín?”

Ó tún fún un.

“Ọ̀gá,” mo wí, “a mọ ohun tí wọ́n fẹ́. Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká mú àtàǹpàkò wọn ká tẹ̀ ẹ́.”

“Ojú mi ni màmá ṣe tẹ̀ ẹ́,” aránṣọ wí, bẹ́ẹ̀ kò tíì sẹ́ni tó tẹ nǹkan kan. Tíṣà ń wo lọ́yà.

“Mo lè tẹ̀ ẹ́,” lọ́yà wí. “Àmọ́ tí mo bá tẹ̀ ẹ́ lónìí, kò tún sí ìwé kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn tí mo lè búra lé lórí mọ́.”

Ó ká ìwé náà, ó fi í sápò. Mo bínú débi pé mi ò bá a wọ ọkọ̀ kan náà padà. Mo ṣì ń bínú, ìbínú náà ò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, tó ń bi màmá ní ìbéèrè mẹ́ta kan náà, tó ń retí pé kí ó má fún ọwọ́ òun lórí èyí tí kì í ṣe òótọ́. Màmá ń fún ọwọ́ rẹ̀ lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ọjọ́ kejìlá, màmá kú.

Àbúrò màmá kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù. Ká ní ó burú ni, à bá rí ẹni bú. Ó wá sí ọ́fíìsì, ó kí wa dáadáa, ó ní òun mọ̀ pé ọmọbìnrin yẹn tọ́jú ẹ̀gbọ́n òun. “Àmọ́ Lọ́yà, yàrá méjì ni èmi àti ọmọ mẹ́fà ń gbé. Ṣé ìwé wà?”

“Kò sí,” lọ́yà wí. Òun tó ń kọ ìwé fún gbogbo ayé.

Ọkùnrin náà fún tíṣà ní oṣù méjì. Lọ́jọ́ tí tíṣà kó ẹrù rẹ̀ tán, ó gun àtẹ̀gùn wa wá. Lọ́yà dìde dúró, ó fẹ́ tọrọ àforíjì, àmọ́ tíṣà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìwé tí Màámi ní kí ẹ kọ, ṣé ó ṣì wà?”

“Ó wà. Àmọ́ kò lè ṣe nǹkan kan fún ọ. Wọn ò fọwọ́ sí i.”

“Mo mọ̀, sà. Mi ò tíì kà á rí ni.”

Mo yọ ọ́ fún un. Ó dúró kà á. Nígbà tó dé ojú ewé kejì, ó fi ìka sí ìlà kan.

“Ibí yìí, tó ní ‘ọmọ mi kan ṣoṣo’. Ṣé ẹ̀yin lẹ fi síbẹ̀ ni, àbí Màámi ni wọ́n sọ ọ́?”

“Àwọn ni wọ́n sọ ọ́,” lọ́yà wí. “Mo ní ká kọ ‘ọmọ tí mo gbà tọ́’, kí ẹnikẹ́ni má baà rí wa mú ní kóòtù. Wọ́n ní bí mo bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ò ní fọwọ́ sí i.”

Tíṣà jókòó sórí àga mi, ó gbé ìwé náà lé itan, ó sì bú sẹ́kún. Lọ́yà dúró tì í, kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí.