Agogo Orí Tábìlì Ọ̀gá

Ìròyìn tó kọ́kọ́ jáde ni pé Ìyá Agbálẹ̀ ti so imú ọ̀gá mọ́ inú agogo. Wọ́n ní bí agogo bá ti dún báyìí, ọ̀gá á sín, òrùlé á ṣí. Wọ́n ní ó sín lọ́jọ́ kan, gbogbo irun iwájú orí akọ̀wé sá lọ sẹ́yìn, kò sì tíì padà dòní. Bàbá Ẹnu-Ọ̀nà tó ń ṣọ́ géètì ilé iṣẹ́ wọn ló sọ ọ́. Ẹ sì mọ ẹnu bàbá yẹn: èèrà tó bá wọlé síbẹ̀, erin ló máa bá jáde.

Ṣùgbọ́n bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni Ìyá Agbálẹ̀ ti ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni yàrá tó ń kó ìgbálẹ̀ àti garawa sí. Òkè téńté ni ọ́fíìsì ọ̀gá. Ọ̀gá kì í fẹnu pe ènìyàn. Agogo idẹ kékeré kan wà lórí tábìlì rẹ̀ tó máa ń fi ìka kan tẹ̀: gbin-in! Ìyá Agbálẹ̀ á gun àtẹ̀gùn, á dé òkè, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà mìíràn, bébà kan ló já bọ́ sẹ́sẹ̀ ọ̀gá. Nígbà mìíràn, ọ̀gá kàn fẹ́ mọ̀ bóyá agogo ṣì ń dún ni.

Ó fara da gbogbo rẹ̀, àfi ọjọ́ tí àwọn àna wá mọlé. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló fẹ́ lọ sílé ọkọ. Ìyá wọṣọ tó dáa, ó jókòó, ó gbé ife omi lọ́wọ́, ó ń dá àna lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí olorì. Ni ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ ta omi dídì bá tẹ agogo lójú pópó: gbin-in! Kí a tó ṣẹ́jú, Ìyá Agbálẹ̀ ti fò dìde, omi ti dà sí ìyá ọkọ lẹ́sẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ti dé ẹnu ilẹ̀kùn.

“Mo ń bọ̀, sà!”

Bàbá ọkọ ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá wa, ta ni ọ̀gá tó ń pè yín nínú ilé ara yín?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín; ìyẹn ló dùn ún jù.

Nírọ̀lẹ́, nígbà tí àlejò ti lọ, ó bọ́ sẹ́yìnkùlé láti fọ agolo tó fi ń bu àgbàdo fún àwọn adìẹ rẹ̀. Agolo kan ògiri: kò! Adìẹ méje sáré dé, wọ́n na ọrùn, wọ́n ń wojú rẹ̀. Agolo náà ṣófo. Ìyá Agbálẹ̀ wo agolo, ó wo adìẹ.

“Àṣé bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyí,” ó ní. “Ẹ̀yin tiẹ̀ ń rí àgbàdo jẹ. Kí lèmi rí?”

Ó tún kan agolo mọ́ ògiri. Wọ́n tún sún mọ́ ọn. Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. “Ọ̀gá,” ó ní, “adìẹ nìwọ náà. Màá kọ́ ẹ.”

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ yàrá fáìlì àtijọ́, níbi tí eruku ti dàgbà tó ẹni tó lè gbéyàwó. Ó fi àkísà kan nu orí kọ́bọ́ọ̀dù, kò sì fọ̀ ọ́. Ó bu ata gbígbẹ díẹ̀ sí i, bí ẹni ń se ọbẹ̀ fún ọ̀tá.

Gbin-in! Ó gun òkè. “Ẹ kú iṣẹ́, sà.” Ó gbọn àkísà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì.

“Hàtíṣìn!”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Tábìlì yìí ló dọ̀tí.”

Agogo, àkísà, hàtíṣìn. Agogo, àkísà, hàtíṣìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Ó ń bá ọ̀gá kẹ́dùn lẹ́nu, inú rẹ̀ ń jó.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, ó fọ àkísà náà, ó sá a sóòrùn. Gbin-in! Kò tíì gun àtẹ̀gùn dé ìdajì tó fi gbọ́ ọ lókè: “Hàtíṣìn!” Ó jókòó síbẹ̀, ó faṣọ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Síbẹ̀ kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ojú àlejò ni wọ́n ti fi òun ṣẹ̀sín; ojú àlejò ló ń dúró dè.

Àlejò dé: àwọn àgbà láti olú ilé iṣẹ́, obìnrin kan ni olórí wọn.

“Àwọn òṣìṣẹ́ mi gbọ́ràn,” ni ọ̀gá wí. “Mo kàn ń tẹ agogo ni.” Ó tẹ̀ ẹ́. “Hàtíṣìn!” Ojú tì í, ó tún tẹ̀ ẹ́. “Hàtíṣìn! Hàtíṣìn!” Ife tíì iwájú rẹ̀ dà sórí ìwé.

Ìyá Agbálẹ̀ wọlé lọ́wọ́ òfo. “Ẹ pè mí, sà?”

Ọ̀gá la ẹnu, sísín lórí sísín ló jáde. Obìnrin àlejò wo ọ̀gá, ó wo agogo. “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ fi ń pè é ni, àbí òun ló fi ń pè yín?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Etí Ìyá Agbálẹ̀ mu ẹ̀rín náà bí oyin. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, agogo ti kúrò lórí tábìlì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá Ẹnu-Ọ̀nà tún kó èrò jọ sí géètì: oògùn ni, ogójì ìgbà lọ́gàá sín lójú àlejò lọ́jọ́ náà, Ìyá Agbálẹ̀ kì í sì í dìde fún agogo kankan mọ́ láyé. Ìyá dorí garawa kodò, ó jókòó lé e.

“Bàbá, ẹ má parọ́ mọ́ mi. Oògùn kọ́, eruku ni, àti ata tí kò kún ṣíbí. Ogójì kọ́, mẹ́sàn-án ni. Láti orí àtẹ̀gùn ni mo ti ń kà á. Akọ̀wé ti pá lórí kó tó gbaṣẹ́. Ní ti èmi tí ẹ ní mi ò kì í dìde mọ́—”

Kẹ̀kẹ́ kan kọjá: gbin-in! Ìyá Agbálẹ̀ ti wà lórí ìdúró, garawa ń yí lọ. Gbogbo wọn ń wò ó.

“Ẹ rí i? Mo ṣì ń dìde. Ó ti wọ̀ mí léegun. Ṣùgbọ́n abẹ́ fèrèsé ọ̀gá ni kẹ̀kẹ́ yẹn ń gbà kọjá. Ẹ tẹ́tí.”

Gbin-in! Láti òkè téńté, wọ́n gbọ́ ọ: “Hàtíṣìn!”

“Ó di mẹ́wàá,” ó ní, ó sì lọ gbé garawa rẹ̀.