Kókó Líle Lára Ajá Ọkọ Mi

Ọwọ́ mi kì í dákẹ́. Ìyá mi ti sọ ọ́ kí n tó lọ ilé ọkọ pé bí mi ò bá rí iṣẹ́ ṣe, màá tú aṣọ tí mo ti ká, màá tún un ká. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ ajá yìí. Èmi kì í ṣe ìkà. Ó kàn jẹ́ pé bí nǹkan bá ń dun ẹlòmíràn níwájú mi, tí mi ò fọwọ́ kan ibẹ̀, ara mi kì í balẹ̀.

Àìsàn ọkọ mi ló mú ajá wọ ilé wa. Rọpárọsẹ̀ kọlù ú lọ́sàn-án kan ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Iweka Road, níbi tí a ti ń ta ìpara àti ọṣẹ láti ìgbà tí a ti dé Onitsha. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, apá ọ̀tún kú, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu rẹ̀. Ọkùnrin tó máa ń fi Yorùbá pè mí, tó ń fi Ìgbò dá oníbàárà lóhùn, tó tún ń fi pidgin bú oníkéké tó dí wa lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan ṣoṣo, ó wá di ẹni tó ń wo ògiri.

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jí. Nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ ọ ní ìrìn sọ fún mi kedere pé bí kò bá rìn lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ náà yóò gan, kò sì ní nà mọ́. Mo bẹ ọkọ mi, mo bá a jà, mo sunkún níwájú rẹ̀. Ó kọ̀ jálẹ̀. Àfi ọjọ́ tí bàbá àgbà kan, aládùúgbò wa ní Nkwelle Ezunaka, gbé ọmọ ajá kan wá kí i, irú àwọn ajá gíga tí ọlọ́pàá ń lò. Ó gbé e sílẹ̀ ní pálọ̀ wa. Ajá náà fi eyín mú etí ṣòkòtò ọkọ mi, ó ń fà á. Ọkọ mi wò ó, ó wò ó, ó sì dìde. "Ìwọ," ló sọ. Láti oṣù mẹ́rin, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ìwọ náà la wá ń pe ajá.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń jáde láràárọ̀, òun pẹ̀lú ọ̀pá, ajá níwájú. Géètì ni wọ́n kọ́kọ́ ń dé. Nígbà tó ṣe, wọ́n ń dé ìkòríta níbi tí obìnrin kan ti ń ta òkpà, oúnjẹ Ìgbò tó jọ mọ́ínmọ́ín; ọkọ mi á ra ẹyọ kan, á bù ú, á fún ajá ní ìlàjì. Èmi á dúró lẹ́yìn fèrèsé, màá máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí ajá yẹn bá kú, ọkọ mi ò ní jáde mọ́. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi.

Ajá ò tíì pé oṣù mẹ́rin tí ara fi bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó ń fi ẹsẹ̀ ha ẹ̀yìn rẹ̀ títí irun fi ń já dànù. Ẹ ò ní láti bi mí ohun tí mo ṣe. Ní Iweka Road, èmi ni wọ́n ń pè ní dókítà ìpara. Tí làpálàpá bá mú ọmọ yín, tí kúrúnà bá yọ sí yín lára, ẹ wá bá mi, màá mú tíúbù kékeré kan jáde lábẹ́ káńtà. Mẹ́ta-nínú-ọ̀kan là ń pè é, torí oògùn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fi ra ibi tó ń yún nírọ̀lẹ́, á ti dákẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Mi ò mọ ohun tí oògùn mẹ́ta náà jẹ́. Ta ló bi mí rí? Oníbàárà ń padà wá, ìyẹn ni mo mọ̀.

Mo fi ra ajá lára láàárọ̀, mo tún fi ra á nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kẹta kò ha ara mọ́. Mo fọ́nnu kiri ìlà ṣọ́ọ̀bù wa. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dáwọ́ dúró fún ọjọ́ méjì, yíyún á tún dé, èmi náà á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó pẹ́, mi ò dúró de yíyún mọ́. Mo kàn ń fi ra á ni, bí ẹni ń fọ eyín. Ajá á yíjú, á lá a kúrò, màá tún tẹ òmíràn sí i. Ọkọ mi á jókòó sórí àga rẹ̀, á máa wò wá.

Oṣù méjì kọjá. Ajá bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi bí ẹni tó jẹ iyọ̀. Ó ń tọ̀ káàkiri pálọ̀. Ikùn rẹ̀ ń wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tín-ín-rín, èmi sì ń sọ pé ó ń sanra. Lọ́jọ́ kan tí mo ń fi ìpara ra á, ọwọ́ mi kan kókó kan lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, ó le bí èkùrọ́. Lọ́jọ́ kejì mo rí mẹ́ta. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ ti rí gbágungbàgun, àfi bí ìgbà tí ènìyàn da òkúta wẹ́wẹ́ sábẹ́ awọ rẹ̀.

Eéwo ni mo pè é. Kí là ń ṣe fún eéwo nílé wa? Mo gbé omi kaná, mo ti aṣọ bọ̀ ọ́, mo fi jó ibẹ̀ dáadáa, mo sì fún un. Ajá ké. Ohun tó jáde kì í ṣe ọyún. Ó funfun bí ṣọ́ọ̀kì tí omi kàn, nígbà tí mo sì fi ìka ra á, ó ń ṣe mí lọ́wọ́ bíi yanrìn. Ẹ̀rù bà mí débi pé ilẹ̀ ni mo jókòó sí. Ibi tí mo fún náà ò jiná, ó di egbò. Mo tún fi ìpara sí egbò náà. Bẹ́ẹ̀ ni o, mo tún fi sí i.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ajá ò lè dé ìkòríta mọ́. Ó dé géètì, ó dùbúlẹ̀. Ọkọ mi dúró tì í pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, nígbà tó ṣe, àwọn méjèèjì padà wọlé. Lọ́jọ́ kejì wọn ò jáde rárá. Mo pe kéké, mo kó àwọn méjèèjì sínú rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹran kan nítòsí Bridge Head.

Ọmọbìnrin Ìgbò ni dókítà náà, ọmọdé ni lójú mi. Ó fọwọ́ tẹ kókó kọ̀ọ̀kan, ó tẹ ikùn ajá, ó gba ẹ̀jẹ̀. Ó wá bi mí pé, "Mama, wetin you dey rub for him body?"

Ọkọ mi wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn mi. Èmi dókítà ìpara, kí n wá jẹ́wọ́ lójú ọmọ tí mo lè bí pé ọjà mi ni mo fi ń tọ́jú ajá? Mo ní, "Nothing. Na water and soap."

Ó wò mí díẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ ajá gíga kan wà tí irú kókó líle bẹ́ẹ̀ máa ń yọ lẹ́sẹ̀ tàbí ní ìgúnpá, ẹyọ kan tàbí méjì, tí wọ́n á gé e kúrò, tí ọ̀rọ̀ á sì tán. Ṣùgbọ́n ti ajá yìí ti tàn ká jù. Ó lè jẹ́ pé kíndìnrín rẹ̀ ló bàjẹ́, bó bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò dájú pé yóò yè. Ó fún wa ní oògùn egbò, ó ní kí a padà wá lọ́jọ́ kẹrin, nígbà tí èsì ẹ̀jẹ̀ yóò ti jáde.

Ọjọ́ mẹ́rin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ya mí ní wèrè. Mi ò lè jẹun, mi ò lè jókòó. Màá dé ṣọ́ọ̀bù, màá to ọṣẹ, màá tú u palẹ̀, màá tún un tò. Kó tó di agogo mẹ́wàá màá ti wọ kéké padà sílé lọ wò ó bóyá ó ṣì ń mí. Ọkàn kan ń sọ fún mi pé kí n má fi ìpara yẹn kàn án mọ́. Ọkàn kejì ní bí mo bá dáwọ́ dúró, kí wá ni mo ń ṣe fún un? Mo sì ń fi ra á lọ. Ọkọ mi ní tirẹ̀ ti padà sídìí wíwo ògiri. Mo na ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wò, mo rí i pé orúnkún ti ń le. Mo ní, "Bàbá wọn, ẹ dìde, ẹ ò rí i pé ẹsẹ̀ yín ń gan ni?" Mo bú sẹ́kún, mo sì lọ fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ní kíndìnrín ajá dára. Ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jọ ti ajá tó ń gba oògùn kan tí òun ò mọ̀. Ó tún bi mí ní ìbéèrè kan náà. Mo ti la ẹnu láti tún irọ́ mi pa nígbà tí mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi.

"Ude," ọkọ mi ní.

Ìgbò ni. Ìpara ló ń sọ. Láti ọjọ́ tí àìsàn ti dé, mi ò gbọ́ Ìgbò lẹ́nu rẹ̀. Dókítà kọjú sí i. Ọkọ mi gbé ọwọ́ òsì sókè, ó nà án sí báàgì mi. "Ude. Ụtụtụ. Mgbede." Láàárọ̀. Nírọ̀lẹ́.

Tíúbù náà wà nínú báàgì mi lóòótọ́. Mo mú un jáde, mo gbé e sórí tábìlì. Ojú tì mí gbáà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ju ìtìjú lọ: inú bí mi sí ọkọ mi. Ẹnu tí mo gbààwẹ̀ lé lórí kó lè là, òun náà ló fi tú àṣírí mi!

Dókítà ka ara tíúbù náà. Kò bú mi. Ó ní sitẹ́rọ́ìdì ni ọ̀kan nínú oògùn mẹ́ta yẹn, ó ń gba awọ wọ inú ẹ̀jẹ̀, ajá tún ń lá a mì. Bó bá ti pọ̀ jù lára, awọ á bẹ̀rẹ̀ sí í gan, á máa di ṣọ́ọ̀kì. Mo ní mo ti gbọ́, màá sọ ọ́ nù lónìí olónìí. Ó yára gbọ́wọ́ sókè. Ó ní ara ajá máa ń pèsè irú oògùn yẹn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ti ajá yìí ti ṣíwọ́, torí ó ń rí ti ọ̀fẹ́ gbà. Bí a bá dá a dúró lójijì, ajá lè kú. Òun máa fún wa ní oògùn oníhóró, a ó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n èmi àti díẹ̀díẹ̀, ọ̀tọ̀ la wà. Ó ní kókó náà á kọ́kọ́ burú sí i, lẹ́yìn náà á máa bọ́ fúnra rẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí omi gbígbóná. Kò gbọdọ̀ sí fífún. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ní, "Mama, abeg, no touch am."

Ó burú sí i lóòótọ́. Kókó ń bẹ́, ṣọ́ọ̀kì ń dà sórí táìsì, mo ń gbá a. Ìpara egbò kan tó ń rùn bí áyù nìkan ni mo gbọdọ̀ fi sí i, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Àwọn wákàtí tó kù ńkọ́? Mo fọ kọ́tìnì ilé tán, mo fọ ti aládùúgbò. Mo kó gbogbo mẹ́ta-nínú-ọ̀kan tó wà ní ṣọ́ọ̀bù dà sínú ṣalángá. Àwọn ìyá ọlọ́mọ tí mo tà á fún, tí mo sì mọ ilé wọn, mo lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní kí wọ́n gbé ọmọ lọ fún dókítà wò. Òmíràn dúpẹ́, òmíràn lé mi jáde. Bí mo bá sì padà délé, ọkọ mi wà lórí àga, ajá wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sí èyí tó dìde nínú wọn. Lóru àti lọ́sàn-án, orúnkún yẹn ni mo ń rò.

Ó tó oṣù méjì kí irun tó bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ewúrẹ́ kan kọjá lẹ́nu géètì, ajá fò dìde, ó gbó o. Ó jáde. Ọkọ mi wá ọ̀pá rẹ̀. Orúnkún náà ò tíì nà tán, ó ń wọ́ ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ lé e. Mi ò dúró sẹ́yìn fèrèsé lọ́jọ́ náà. Mo tẹ̀ lé wọn dé ìkòríta, a sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì olókpà. Ọ̀rọ̀ ti ń pọ̀ sí i lẹ́nu rẹ̀ nígbà yẹn. Inú tó ń bí mi ò sì tíì lọ.

Mo ní, "Bàbá wọn, kí ló dé tí ẹ fi tú àṣírí mi lójú ọmọdé yẹn? Ẹ ò lè dúró ká délé?"

Ó jẹ òkpà ẹnu rẹ̀ tán. "Ajá ò lè sọ̀rọ̀," ó ní.

Ó wá fi ọwọ́ òsì ká apá aṣọ ọ̀tún rẹ̀ sókè. Àpá kan wà níbẹ̀, láti ìgúnpá lọ sókè, awọ ibẹ̀ ń dán. Mo mọ àpá náà. Ní ọ̀sẹ̀ tí àìsàn dé, mo máa ń fi aṣọ àti omi híhó jó apá yẹn láràárọ̀, kó lè jí. Lọ́jọ́ tó lé ròrò, mo sọ fún àwọn tó wá kí wa pé ẹ̀jẹ̀ ló ń padà síbẹ̀.

"Ó gbóná," ọkọ mi ní. "Apá kú. Ṣùgbọ́n ó gbóná. Mo ń sọ fún ẹ."

Mo rántí ojú rẹ̀ láwọn àárọ̀ yẹn. Mo ti rò pé àìsàn ló ń fa omi tó ń jáde níbẹ̀.

Ọwọ́ mi ti lọ síbi àpá náà kí n tó mọ̀, mo sì dá a dúró. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n fọwọ́ kàn án?"

Ó fa apá aṣọ rẹ̀ wálẹ̀. "Rárá," ó ní.

Mo gbé ọwọ́ mi padà sórí itan mi.