Ohun Tó Ṣẹ́kù Nínú Agolo Tú-u-palẹ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi dá gbì, ó fò fẹ̀rẹ̀ kọjá lórí ìjàpá, kò bà lé ọba, kò bà lé ìjòyè. Orí ọkùnrin kan tó mú súkúrúdiráfà lọ́wọ́ ló já lé. Ẹ sún mọ́ mi. Ìwọ tí ò ń fọwọ́ yí bọ́tìnì rédíò mi yẹn, fi í sílẹ̀, torí tìẹ gan-an ni mo ṣe ń pa á.

Nígbà tí mo ṣì ń gbé ilé àtijọ́, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàrin èmi àti ọkùnrin yìí. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́tà ló ń lù lóǹtẹ̀. Ẹ wo irú iṣẹ́ tí wọ́n fún un: láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ohun tí wọ́n dì pa ni wọ́n ń kó síwájú ẹ̀, kò sì gbọdọ̀ tú ọ̀kankan wò. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tó bá délé, ohunkóhun tó bá ní ìdérí, ó gbé! Ó tú fáànù, ó tú áyọ́ọ̀nù. Aago tí kò ṣe nǹkan kan, ó tú u, ó ní òun fẹ́ mọ ohun tó ń rò nínú ni. Àdúgbò bá sọ ọ́ ní Tú-u-palẹ̀.

Kì í kúkú ṣe pé kì í tò ó padà. Ó ń tò ó. Àmọ́ bó bá ti tò ó tán, nǹkan kan á ṣẹ́kù sílẹ̀. Tí èèyàn bá bi í, á ní, "Ohun tó bá ṣẹ́kù, àṣejù àwọn tó ṣe é ni." Á wá jù ú sínú agolo mílíìkì ńlá kan tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Gbogbo ilé ló mọ agolo yẹn. Ẹni tó bá ń wá ohun tó máa fi di ihò, ẹni tí ilẹ̀kùn ẹ̀ ò dúró, ibẹ̀ ló ń kọwọ́ bọ̀. Súpíríǹgì tó gbé kọ́tìnì mi dúró, inú áyọ́ọ̀nù Tú-u-palẹ̀ ló ti wá. Áyọ́ọ̀nù ọ̀hún ò gbóná mọ́ títí dòní, ṣùgbọ́n kọ́tìnì mi ò yẹ̀.

Aránṣọ ni ìyàwó ẹ̀. Obìnrin náà ní kọ̀ǹpútà kan tó ń kó àwòrán aṣọ sí. Inú ẹ̀ náà ni ohùn ìyá ẹ̀ tó ti kú wà. Kí ni ìyá náà ń sọ? Èébú ni! Ọkọ ọmọ ẹ̀ ló ń bú. Ẹnu ìyá yẹn mú ju abẹ lọ. Ọjọ́ tí Tú-u-palẹ̀ tú rédíò ìyá náà tó sì ba á jẹ́, bí ìyá ṣe ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́wọ́, ọmọ ẹ̀ rọra gba ohùn náà sílẹ̀. Nígbà tí ìyá lọ tán, ohùn yẹn nìkan ló kù. Tí àárò bá ń sọ obìnrin yìí, á tan kọ̀ǹpútà, ìyá á máa bú àna ẹ̀ lọ, ọmọ á máa rẹ́rìn-ín, á máa sunkún. Èmi náà á ti lẹ etí mọ́ ògiri.

Ó ṣe, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin. Tú-u-palẹ̀ gbọ́, ojú ẹ̀ tàn.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o," ni ìyàwó wí nígbà tó ń jáde lọ wọn oníbàárà kan.

"Èmi? Eruku ara ẹ̀ ni mo kàn fẹ́ gbọ̀n."

Kó tó dé, ọkọ ti tú u, ó ti tò ó. Kọ̀ǹpútà ò kùn mọ́. Ó tàn lóòótọ́, àmọ́ ojú ẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, kò sí àwòrán kankan níbẹ̀.

"Ariwo ti tán," ni Tú-u-palẹ̀ wí.

"Ìyá mi dà?"

"Ìyá rẹ? Ìyá rẹ kúkú ti..."

"Ohùn ìyá mi dà?"

Ọkọ tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, kò rí nǹkan kan. Ìyàwó wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ó bú yín títí, ẹ wá rọ́nà pa á lẹ́ẹ̀kejì."

Ha! Ọ̀rọ̀ yìí gún un wọra. Látọjọ́ náà, obìnrin yìí ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Tí ọkọ bá kí i, ńṣe ni á máa tẹ maṣíìnì ìránṣọ ẹ̀ gàrà-gàrà-gàrà, kó má bàa gbọ́. Nígbà tó yá, mo rí i tó ń to aṣọ sínú àpótí, ó ní tí òun bá ti rán aṣọ ọwọ́ òun tán, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ni òun ń lọ, òun ò sì mọ ọjọ́ tí òun máa dé.

Tú-u-palẹ̀ bá gbé kọ̀ǹpútà rù, ó di ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin kan tó ń tún irú ẹ̀ ṣe ní ìyànà òpópónà wa. Ọmọ náà ṣí i, ó yọjú wo inú ẹ̀, ó gbójú sókè.

"Bàbá, ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí dà?"

"Èwo nìyẹn?"

"Irin pẹlẹbẹ kan báyìí, bí àtẹ́lẹwọ́. Gbogbo ohun tí ẹ̀ ń wá, inú ẹ̀ ló wà."

Tú-u-palẹ̀ họ orí. "Ó ṣẹ́kù ni."

"Ó kí ni?"

"Mo rò pé àṣejù ni."

Ọmọ náà kọjú sí ògiri fúngbà díẹ̀, èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tó padà yíjú, ó ní, "Ẹ lọ gbé àṣejù yẹn wá, bàbá. Àmọ́ kì í fẹ́ ìgbọ̀nrìrì o. Tí wọ́n bá ti ń jì í níbi tó wà, n ò lè ṣèlérí."

Ó sáré délé, ó da ohun inú agolo sílẹ̀. Eyín aago, etí rédíò, súkúrù lóríṣiríṣi. Kò rí irin. Ó kan ilẹ̀kùn mi.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ mú un?"

"Súpíríǹgì lèmi mú. Tó o bá fọwọ́ kan kọ́tìnì mi, wàá rí mi."

Mo tẹ̀lé e lọ wòran. Ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó rákò títí tó fi dé ìdí maṣíìnì tí ìyàwó ẹ̀ ń fi ránṣọ lọ́wọ́. Maṣíìnì yìí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sí oníjó, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ò tó ilẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ó dúró gbọin. Tú-u-palẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó wo abẹ́ ẹsẹ̀ yẹn.

"Dìde."

Gàrà-gàrà-gàrà.

"Ìyàwó mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, dáwọ́ dúró. Ìyá rẹ lò ń jì."

Maṣíìnì dákẹ́. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó wò, ẹnu ẹ̀ ò padé mọ́. Òun fúnra ẹ̀ ló lọ mú un nínú agolo, ó rò pé ara rédíò kan ni, ó rí i pé ó bá ẹsẹ̀ maṣíìnì mu wẹ́kú. Gbogbo ìgbà tó ń fi maṣíìnì pariwo mọ́ ọkọ ẹ̀, orí ìyá ẹ̀ ló ń pa á lé. Ọkọ tú ìyá, ọmọ tẹ ìyá mọ́lẹ̀. Ta ni ká wá bú?

Àwọn méjèèjì jọ gbé e lọ ni, ẹnikẹ́ni ò lè gbéra ga sí ẹnìkejì. Èmi náà tẹ̀lé wọn, mo ní mo fẹ́ na ẹsẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn gbé irin sétí, ó fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tiẹ̀, ó dúró tì í títí. Àwòrán aṣọ tó pọ̀ ni kò padà wá. Ìyàwó ti di etí ìró ẹ̀ mú. Lójijì, ohùn kan há, ó já, ó tún bọ́ síta:

"...ọkọ ọmọ mi, o tú rédíò mi tán, o ní nǹkan ṣẹ́kù. Ọpọlọ ẹ ló ṣẹ́kù! Ọjọ́ tí wọ́n to ìwọ gan-an ni wọ́n ti gbàgbé ẹ̀ sínú agolo..."

Ó já kẹ́, kò sí mọ́. Ọmọbìnrin yẹn ní ìyókù ti lọ nìyẹn, ìwọ̀nba tó rí ló kó padà sínú kọ̀ǹpútà wọn.

Tú-u-palẹ̀ wúkọ́. "Ó kù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn," ló wí.

"Kí ló kù?" ni ìyàwó bi í.

"Ibẹ̀ ló ti wá yìn mí. Ibẹ̀ yẹn gan-an ló sì bàjẹ́."

Ìyàwó wò ó. Ó mọ èébú ìyá ẹ̀ látòkè délẹ̀. Ẹ̀rín bá gbé e, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi fara ti èjìká ọkùnrin náà, omijé ń bọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, láti ẹ̀yìn ògiri, mo gbọ́ tó ń kó aṣọ jáde nínú àpótí, ìyá ẹ̀ sì ń bú àna ẹ̀ lọ.

Kí ni ìwọ wí? Bóyá ó yìn ín lóòótọ́? Èmi tí mo lẹ etí mọ́ ògiri látìbẹ̀rẹ̀, n ò gbọ́ ọ rí. Ó tó, ẹ dìde, ẹ lọ sùn. Ìwọ dúró ná. Bọ́tìnì rédíò mi tó o yọ, tó o wá jókòó lé yẹn, tò ó padà kó o tó wọlé. Tí mo bá jí lọ́la tí mo bá nǹkan kan tó ṣẹ́kù, ìwọ ni n ó fi sínú agolo.