Orúkọ Onílé Lórí Káàdì

Nígbà tí owó epo ń wọlé wìtìwìtì, ìjọba yọ owó ńlá sílẹ̀ kí ọ́fíìsì wa lè ní kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tinúbú Square. Wọ́n fi ẹ̀rọ amúlétutù sí yàrá kọ̀ǹpútà náà kó má baà gbóná. Àwa akọ̀wé ń làágùn ní tiwa. Iṣẹ́ mi ni kí n máa lu orúkọ àwọn tó fẹ́ kọ́lé sára káàdì, ní ihò wẹ́wẹ́ tí kọ̀ǹpútà náà ń kà.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ló ń gba ìwé lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Tí ẹ bá ti dárúkọ agboolé fún wọn, wọ́n mọ àwọn tó ni ín, wọ́n mọ ẹni tó ti kú níbẹ̀. Ìjọba ní kí wọ́n máa lọ sinmi.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ń gbé yàrá ẹ̀yìn nílé ẹbí wa ní Ẹnu Ọ̀wà. Ògiri yàrá náà ti là débi pé ọwọ́ ń wọ inú ẹ̀. Wíwó ni kí wọ́n wó o, kí wọ́n tún un mọ, ìyẹn sì gba ìwé àṣẹ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí, tí mò ń pè ní Màmá, wá bá mi ní ọ́fíìsì. Àyè orúkọ onílé kan ṣoṣo ló wà lórí káàdì.

"Màmá, ṣé kí n kọ orúkọ yín?"

"Tèmi kẹ̀? Káwọn àbúrò mi lè sọ pé mo ti gba ilé bàbá wa mọ́ wọn lọ́wọ́? Kọ orúkọ bàbá wa jàre."

Bí gbogbo ilé ẹbí ṣe ń ṣe é ládùúgbò wa nìyẹn. Bàbá àgbà mi ti kú kí wọ́n tó bí mi. Mo mọ̀ pé káàdì yẹn máa dá wàhálà sílẹ̀, àmọ́ àgbà ló sọ̀rọ̀, mo bá lù ú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀rọ náà tẹ ìwé jáde sí bàbá àgbà mi: kí wọ́n yọjú fúnra wọn, kí wọ́n wá fọwọ́ sí i. Èmi àti màmá rẹ́rìn-ín. Mo tún lu káàdì mìíràn, ẹ̀rọ tún pe òkú. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo bẹ màmá pé kí wọ́n jẹ́ kí n fi orúkọ wọn sí i.

"Ó dìgbà tí gbogbo wa bá jókòó," ni wọ́n wí.

Àbúrò wọn kan wà ní Ìbàdàn, èkejì ní ó di ẹ̀yìn àwẹ̀. Òjò ò dúró de ìkankan nínú wọn.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Màmá kírun aláàsárì tán, wọ́n ní káwọn na ẹ̀yìn díẹ̀. Ògiri náà wó lù wọ́n, wọ́n sì kú. Nígbà tí wọ́n wá pè mí níbi iṣẹ́, mo lu káàdì tó wà lọ́wọ́ mi tán kí n tó dìde. Mi ò mọ ìdí ẹ̀. Mi ò sunkún lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì tíì sunkún dòní.

Lọ́jọ́ kẹta tí a sin wọ́n, gbogbo ẹbí pé jókòó, èyí tó wà ní Ìbàdàn náà wá. Kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi fẹnu kò pé kí n kọ orúkọ ara mi, èmi tí mo mọ̀wé. Mo lù ú sí káàdì lọ́jọ́ kejì. Ìwé àṣẹ jáde kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹ̀rọ náà ò béèrè ohunkóhun. A mọ ògiri náà, ó dúró dáadáa. Kò sẹ́ni tó gbà láti sùn ní yàrá yẹn, àmọ́ nínú ìwé ìjọba, èmi ni mo ni ín.